Platelet kì í wọ firíìjì: iná, afárá àti ọjọ́ márùn-ún ní Èkó

Láàbù_Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará bláàdì báǹkì. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé wá. Ká ní láàbù kan wà ní Yábàá tó ń ya platelet (èérún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lójú ọgbẹ́) kúrò lára ẹ̀jẹ̀ 450 ml, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn lápá Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí iná bá lọ lóru, tí agitator (ẹ̀rọ tó ń mi àpò) dákẹ́, wákàtí mélòó ni àpò lè fi dúró jẹ́ẹ́ kó tó bàjẹ́? Báwo la ṣe máa gbé e kọjá Third Mainland láìfi yìnyín sí i, nígbà tí oòrùn ń mú 32°C níta? Ẹ̀kẹta, àwọn kan ṣì ń sọ pé kí wọ́n kó o sí firíìjì bíi ti sẹ́ẹ̀lì pupa, àwọn mìíràn sì ń sọ pé Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí platelet inú firíìjì báyìí. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

Baba_Centrifuge

Láàbù, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ iná bẹ̀rẹ̀.

Bí yàrá bá ṣì wà láàárín 20 sí 24°C, àpò lè wà láìmì fún wákàtí 24, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o. Wákàtí mẹ́fà lóru àná, mẹ́rin nínú ọkọ̀ lónìí, mẹ́wàá lóru òní: 20 ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sí ara ìwé àpò kọ̀ọ̀kan.

Ìdí rẹ̀ ni pé platelet kì í sùn nínú àpò. Ó ń lo ọ́síjìn, ó sì ń jẹ ṣúgà inú plasma (omi ara ẹ̀jẹ̀). Ọ́síjìn ń gba ara ọ̀rá àpò wọlé, káríbọ̀n dàòsáìdì sì ń gba ibẹ̀ jáde. Bí àpò bá ń mì, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń rí ọ́síjìn gbà. Bó bá dúró, wọ́n á rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ọ́síjìn ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á wá máa sun ṣúgà láìsí ọ́síjìn. Lactic acid nìyẹn ń mú jáde. Bicarbonate inú plasma ló ń pa oró ásíìdì yẹn, ṣùgbọ́n ó níwọ̀n. Tó bá tán, pH (ìwọ̀n tó ń relẹ̀ bí ásíìdì bá ń pọ̀) á já wálẹ̀. Lábẹ́ 6.2, platelet á wú, á di róbótó, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́, ẹ ò báà mì í títí di ọjọ́ kejì. Òfin Yúróòpù tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: 6.4 ni wọ́n fẹ́ ní òpin ìpamọ́.

Àpò tí platelet inú rẹ̀ pọ̀ jù ló ń tètè kú bí iná bá lọ, torí ẹnu tó ń jẹun pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń yọ̀ pé àpò òun kún dẹ́múdẹ́mú ni kó máa ṣọ́ pH jù.

Ẹ tún wo ọ̀rá àpò fúnra rẹ̀. Ọ̀rá PVC àtijọ́ tí wọ́n fi kẹ́míkà DEHP mú rọ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá tó; ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún platelet nínú rẹ̀. Àwọn àpò tuntun, polyolefin tàbí PVC tí wọ́n fi kẹ́míkà TOTM tàbí BTHC mú rọ̀, ni wọ́n kọ ọjọ́ márùn-ún sí. Tí ẹ bá ra àpò mẹ́ta-nínú-ọ̀kan lọ́jà, ẹ ka ara páálí rẹ̀ dáadáa: àpò tí wọ́n dìídì ṣe fún plasma pọ̀ nígboro, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín pé kì í ṣe ti platelet. Ẹ má fi nọ́ńbà àti sitíkà bo gbogbo ojú àpò, ẹ má to ọ̀kan lé èkejì lórí agitator, ẹ má sì fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé e "kó má baà dọ̀tí". Imú rẹ̀ lẹ ń dí yẹn.

Ẹ́ńjínnìà_Òyìngbò

Mo gbà pẹ̀lú Baba. Ọ̀pọ̀ láàbù ló ń so incubator, agitator àti ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ínfátà kan ṣoṣo, wọ́n á wá máa kùn pé bátìrì ò tó oru. Agitator ò mu iná rárá. Mọ́tò kékeré tó ń ti pẹpẹ síwá sẹ́yìn bíi ìgbà 60 sí 70 láàárín ìṣẹ́jú kan ni. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń tutù yàrá ló ń mu bátìrì gbẹ. Nítorí náà ẹ fún agitator ní ínfátà tirẹ̀ àti bátìrì tirẹ̀, kí amúlétutù wà lórí jẹnẹrétọ̀. Bí dísù bá tán lóru, àpò á ṣì máa mì, ó kù kẹ́ ẹ ṣọ́ ooru.

Ínfátà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ pure sine wave. Àwọn tó rọ̀ lówó tó ń gbé ìgbì onígun jáde ń mú kí mọ́tò gbóná, kó sì máa kùn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jó.

Ọ̀rọ̀ tẹmómítà: ẹ má gbé e rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò omi tàbí glycerol tó tó 60 ml, kí ohun tó ń kà lè sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹni tó wà níṣẹ́ kọ ọ́ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀sán àti òru. Kí álààmù ní bátìrì tirẹ̀ pẹ̀lú. Álààmù tó ń lo iná ilé ò ní pariwo nígbà tí iná ilé bá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkọkà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ foríjì mí tí ìbéèrè mi bá kéré. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń gbé inú firíìjì láàárín 2 sí 6°C fún ọjọ́ 35 nínú CPDA-1 (omi tó ń pa ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí kì í jẹ́ kó dì). Kí ló dé tí platelet ò lè fara da òtútù kan náà?

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Kò kéré rárá, àbúrò. Láti ọdún 1969 la ti mọ̀ pé òtútù ń bà á jẹ́, nígbà tí Scott Murphy àti Frank Gardner fi hàn ní Amẹ́ríkà pé platelet tí wọ́n pa mọ́ sí 22°C ń pẹ́ nínú ara aláìsàn ju èyí tó wà ní 4°C lọ. Kí àwọn méjì yìí tó ṣe é, inú firíìjì ni gbogbo wọn wà.

Platelet kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì odidi. Èérún ni, tó já bọ́ lára sẹ́ẹ̀lì ńlá kan, megakaryocyte, inú mùdùnmúdùn eegun. Kò ní núkílọ́ọ̀sì, ó sì ń lo ọjọ́ 7 sí 10 nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tètè gbọ́ pé nǹkan bàjẹ́, kó sì yí padà. Òtútù náà ń ta á jí. Bó bá ti wà lábẹ́ nǹkan bíi 18 sí 20°C, ó ń pàdánù ìrísí pẹlẹbẹ rẹ̀, á di róbótó, á na ọwọ́ jáde. Lójú ara rẹ̀, àwọn purotéènì GPIb tó fi ń di von Willebrand factor (purotéènì tó ń so platelet mọ́ ojú ọgbẹ́) mú á kó jọ sójú kan, àwọn ajẹ̀dọ̀tí inú ẹ̀dọ̀ á sì dá wọn mọ̀. Tó bá pẹ́ sí i nínú òtútù, ṣúgà sialic acid tó bò ó á máa bọ́ kúrò, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an, yàtọ̀ sí àwọn ajẹ̀dọ̀tí, á tún máa gbá a mú. Ó bọ́ sínú aláìsàn tán, ọjọ́ méjì, ó pẹ́ tán mẹ́ta, ó ti lọ.

Kì í ṣe pé òtútù pa á. Ó ṣì lè di ẹ̀jẹ̀, kódà ó lè tètè dì í ju ti 22°C lọ. Pé kò ní pẹ́ nínú ara ni ìṣòro rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn Amẹ́ríkà tí Láàbù béèrè ti bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà jáde pé a lè pa platelet apheresis (èyí tí ẹ̀rọ yà tààrà lára ọlọ́rẹ kan, tó sì dá ẹ̀jẹ̀ yòókù padà sí i) mọ́ sí 1 sí 6°C títí di ọjọ́ 14, láti fi tọ́jú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lọ́wọ́, nígbà tí ti 22°C ò bá sí tàbí tí kò bá ṣeé lò. Ẹ ka gbogbo gbólóhùn yẹn pọ̀. Kò sọ pé kí a fún ọmọ tó ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tí platelet rẹ̀ wà ní 6,000 nínú máíkírólítà kan, tí kò tíì ṣẹ̀jẹ̀, ní tòtútù kó fi máa gbé ọ̀sẹ̀ kan.

Ìsàlẹ̀Èkó_MLS

Dókítà, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Ní Èkó níbí, ta ló ń lo platelet jù? Ìyá tó bímọ tán tí ẹ̀jẹ̀ ń ya, ẹni tí ọkọ̀ gbá lójú pópó, tí wọ́n sáré gbé lọ sí Ìgbóbì. Àwọn wọ̀nyẹn ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Firíìjì bláàdì báǹkì ti wà káàkiri, agitator ló ṣọ̀wọ́n. Ọjọ́ 14 láìmì, láìsí 22°C, ìdá-ńlá bakitéríà á sì dákẹ́. Kí ló dé tí a ò lè bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀?

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Ìsàlẹ̀Èkó, mi ò ba yín jà lórí ìyẹn. Fún ilé ìgbẹ̀bí àti fún ìjàm̀bá ọkọ̀, èrò yín bá ìmọ̀ mu. Nǹkan mẹ́ta ló ń dá mi dúró. Apheresis ni ìlànà yẹn dúró lé, ẹ̀rọ apheresis ò sì pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kejì, àpò gbọ́dọ̀ wọ òtútù látìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìpinnu. Mo ń bẹ̀rù ẹni tó máa ní àpò ọlọ́jọ́ mẹ́rin lórí agitator, tí iná bá lọ, á jù ú sí firíìjì, á ní "Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i". Ẹ̀kẹta, bláàdì báǹkì gbọ́dọ̀ ní àkọlé méjì tó yàtọ̀ pátápátá, kí ti òtútù má ṣe bọ́ sọ́wọ́ wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ. Bí ẹ bá lè tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, ẹ máa bá a lọ. Títí dìgbà yẹn, 22°C.

Ìsàlẹ̀Èkó_MLS

Mo gba ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àkọ́kọ́ ni mi ò tíì gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ Baba, ọ̀rọ̀ mìíràn. Àpò tí a ń yà kì í pé. Wọ́n ní bílíọ̀nù 55 ni ó yẹ kó wà nínú àpò kan, tiwa ń wà ní bílíọ̀nù 35, 40. Centrifuge (ẹ̀rọ tó ń yí àpò kí ẹ̀jẹ̀ lè yà sí ìpele) wà ní 2,000 àti 5,000 bí ìwé ṣe wí.

Baba_Centrifuge

2,000 kí ni? Bí ó bá jẹ́ rpm (iye ìyípo láàárín ìṣẹ́jú kan) lẹ kọ sí ẹ̀rọ, ibẹ̀ lọ̀ràn wà. *g* (agbára tó ń ti sẹ́ẹ̀lì sísàlẹ̀) ni ìwé ń sọ. Ẹ fi rula wọn rédíọ́ọ̀sì rotor (apá tó ń yí) yín láti àárín gbùngbùn dé ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù nígbà tó bá nà jáde, ní sẹ̀ǹtímítà. g = 0.00001118 × rédíọ́ọ̀sì × rpm × rpm. Bí rédíọ́ọ̀sì bá jẹ́ 25 cm, 2,000 g jẹ́ nǹkan bíi 2,675 rpm, 5,000 g sì jẹ́ nǹkan bíi 4,230 rpm. Ẹni tó bá sáré ní 2,000 rpm lórí rotor yẹn, nǹkan bíi 1,120 g péré ló rí, ìyapa ò sì ní rí bí ìwé ṣe wí.

Àmọ́ centrifuge nìkan kọ́ ló ń jẹ́ kí àpò má pé. Ẹ jẹ́ ká ti orí bẹ́ẹ̀dì ọlọ́rẹ ẹ̀jẹ̀ wá.

Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ń wá iṣan kiri, èròjà inú ẹran ara á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, platelet á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ra kó tó dénú àpò. Kí ẹ̀jẹ̀ máa wọlé láìdúró, kẹ́ ẹ máa mì í pọ̀ mọ́ 63 ml CPDA-1 inú àpò. Yúróòpù ní tó bá ju ìṣẹ́jú 12 lọ, kí wọ́n má ya platelet lára rẹ̀. Ẹ ṣì lè lo sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ má gbé e sínú kúlà oníyìnyín! Níbi ìgbaǹjẹ̀tọrẹ ní TBS tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, àṣà wa ni kí gbogbo àpò wọ kúlà kan náà. Èyí tí ẹ bá fẹ́ ya platelet lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ ní 20 sí 24°C, ó sì gbọ́dọ̀ jáde nínú centrifuge láàárín wákàtí 8. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní TBS, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni òpin rẹ̀ ní Yábàá, go-slow wà o, kò sí o. Èyí tó bá ti fara kan firíìjì, ẹ má ya platelet lára rẹ̀ mọ́.

Sísáré àkọ́kọ́: 2,000 g, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ní 22°C. Ẹ wọn àwọn kọ́ọ̀bù kí wọ́n bára mu, ẹ pa búréèkì tàbí kẹ́ ẹ fi í sí èyí tó kéré jù, torí bó bá dúró gìrì, ìpele méjèèjì á tún dà pọ̀. Ẹ rọra tẹ plasma rẹ̀ lọ sínú àpò kejì, kẹ́ ẹ dúró nígbà tó bá ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan sókè sẹ́ẹ̀lì pupa. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró jìnnà jù nítorí ẹ̀rù àwọ̀ pupa, platelet tó dára jù sì wà ní ìtòsí ìlà yẹn. Bí ó bá pupa díẹ̀, kò burú. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá tó 2 ml, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe crossmatch (àyẹ̀wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ọlọ́rẹ bá ti aláìsàn mu) kó tó wọ ara aláìsàn.

Sísáré kejì: 5,000 g, ìṣẹ́jú márùn-ún. Platelet á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ plasma jáde, kẹ́ ẹ fi 50 sí 70 ml sílẹ̀. Níbí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́: wọ́n á gbé e sórí agitator lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Rárá o. Ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́ ní 22°C fún wákàtí kan, kí ìdì yẹn tú fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e sórí agitator. Tó bá ṣì ní kókó lẹ́yìn tó ti mì dáadáa, ẹ má kó o jáde.

Kíkà rẹ̀ náà lè tàn yín jẹ. Ẹ fi stripper (irin tí a fi ń fún rọ́bà) ti ohun tó wà nínú rọ́bà padà sínú àpò ní ìgbà bíi mẹ́ta sí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó gé ègé tí ẹ máa kà, torí èyí tó ti ń dúró nínú rọ́bà kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú ti inú àpò. Ẹ fi saline (omi iyọ̀) là á kó tó wọ ẹ̀rọ kíkà, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í kà dáadáa tó bá ti ga jù. Ìṣirò rẹ̀: 1,100,000 nínú máíkírólítà kan, àpò 55 ml, ó jẹ́ bílíọ̀nù 60.5. Ó pé.

Láàbù_Yábàá

Ẹ ṣé gan-an, Baba. Ti afárá ńkọ́?

Ẹ́ńjínnìà_Òyìngbò

Kúlà tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò, kò gbọdọ̀ sí yìnyín nínú rẹ̀. Àpò jẹ́ẹ̀lì tí ẹ máa kó sí i, ẹ fi í sùn nínú yàrá platelet láti alẹ́ kó lè wà ní 22°C gan-an. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe láti yọ́ ní 22°C, ìyẹn dára jù. Kí kúlà náà fúnra rẹ̀ sùn nínú yàrá yẹn pẹ̀lú. Kúlà tó ti wà nínú búùtù ọkọ̀ láti àárọ̀ ti di 35°C kẹ́ ẹ tó kó nǹkan sí i. Ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ, má tò ó ní ìnàró, má fún un mọ́ra. Kò gbọdọ̀ bá sẹ́ẹ̀lì pupa wọ kúlà kan náà láé, torí yìnyín tiwọn ló máa pa á. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ ooru sílẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹni tó gbà á ní ìkángun kejì kà á kó tó fọwọ́ sí ìwé. Inú ọkọ̀ tí amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni kúlà máa wà, lórí àga. Ọ̀kadà yá o, ṣùgbọ́n oòrùn ń lu àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ ní tààrà.

Mọ̀ńfẹ́_Lab

Ìbéèrè kékeré: tí àpò bá gbóná dé 28°C, ṣùgbọ́n tí swirling rẹ̀ ṣì wà, ṣé kò mọ́ nìyẹn? Mo gbọ́ pé swirling ni ẹ̀rí pé àpò dára.

Baba_Centrifuge

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ yìí. Swirling: ẹ gbé àpò sókè síwájú iná, ẹ rọra fún un tàbí kẹ́ ẹ yí i, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ tó ń dán, tó ń yípo bí èéfín sìgá. Platelet pẹlẹbẹ ló ń tan ìmọ́lẹ̀ kiri bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti di róbótó, nítorí òtútù tàbí nítorí pH, àpò á kàn ṣú lójú kan. Nítorí náà bí swirling ò bá sí, àpò ò dára. Àmọ́ bó bá wà, ohun tó sọ fún yín ni pé ìrísí platelet ṣì wà. Kò sọ nǹkan kan nípa bakitéríà. Àpò tí kòkòrò kún inú rẹ̀ lè máa dán lójú yín.

28°C, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí dókítà bláàdì báǹkì dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní tèmi, ẹ dà á nù.

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Mo tì í lẹ́yìn. 22°C tó tẹ́ platelet lọ́rùn tẹ́ bakitéríà náà lọ́rùn. Ní 1984, Amẹ́ríkà gbà kí platelet lo ọjọ́ méje. Ní 1986 wọ́n dá a padà sí márùn-ún, torí kòkòrò ń pọ̀ sí i nínú àwọn àpò tó pẹ́. Kì í ṣe pé platelet fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ kẹfà. Òde òní, àwọn tó padà sí ọjọ́ méje, bíi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń dúró di wákàtí 36 ó kéré tán lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó mú àyẹ̀wò tó pọ̀ lọ fún culture (gbígbin kòkòrò kó lè hàn). Wọ́n ń dúró kí ìwọ̀nba kòkòrò tó wọlé lè pọ̀ tó láti rí. Bí ẹ bá mú un lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ lè mú 8 ml tí kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ojú awọ ara ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá: Staphylococcus epidermidis, aureus. Chlorhexidine 2% nínú ọtí isopropyl 70% ni kẹ́ ẹ fi pa apá, ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ má sì tún fọwọ́ kàn án láti wá iṣan. Àpò tó ní àpò kékeré fún 30 ml àkọ́kọ́ sàn ju èyí tí kò ní, torí ègé awọ tí abẹ́rẹ́ bù wọlé ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ sì lè fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe àyẹ̀wò HIV, hepatitis àti syphilis. Ẹ tún bi ọlọ́rẹ bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ eyín tàbí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ni Salmonella ti máa ń wọlé.

Ọ̀nà tó ń pa kòkòrò nínú àpò wà: kẹ́míkà amotosalen pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ UVA, tàbí riboflavin (fítámì B2) pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ UV. Wọ́n ń fọ́ DNA àti RNA. Platelet ò nílò wọn púpọ̀ torí kò ní núkílọ́ọ̀sì. Iye platelet tó ń gbéra sókè nínú aláìsàn máa ń dín díẹ̀, spore (bakitéríà tó ti wọ inú èèpo líle) bíi ti Bacillus cereus kì í sì í kú. Àwọn ará Ghana dán ti riboflavin wò lára odindi ẹ̀jẹ̀ ní Kumasi. Èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2016: nínú àwọn tí ibà lè ràn, 8 nínú 37 tó gba ẹ̀jẹ̀ lásán ló kó o, nínú àwọn tó gba èyí tí wọ́n tọ́jú, 1 nínú 28. Fún wa tí ibà ń bá gbé, nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí Yúróòpù ń kọ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀bàléńdé

Ẹ̀yin ará láàbù, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wọ́ọ̀dù, torí bí ẹ bá ṣe gbogbo eléyìí tán, ibùsùn aláìsàn ni wọ́n tún ti lè bà á jẹ́.

Tí àpò bá dé, ẹ so ó. Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ wá iṣan lẹ́yìn tó dé. Cannula (ọ̀pá tín-ín-rín inú iṣan) gbọ́dọ̀ ti wà. Firíìjì wọ́ọ̀dù, rárá. Lórí fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, rárá. Giving set (rọ́bà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ara) tuntun tó ní fílítà 170 sí 200 máíkírọ́ọ̀nù ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti gba inú rẹ̀ kọjá, torí platelet á há sára ohun tó ti wà nínú fílítà. Àgbàlagbà kan ń gba àpò mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí láàbù bá ti dà wọ́n pọ̀ sínú àpò kan ní gbangba, wákàtí mẹ́rin ló ní. Ẹ fi ìṣẹ́jú 30 sí 60 fún un. Saline nìkan ló lè bá a rìn; dextrose àti Ringer's, rárá.

Ẹ ka ìgbóná ara kó tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, àti nígbà tó bá parí. Bó bá fi 2°C lé sókè, tàbí tí aláìsàn ń gbọ̀n, tí ìfúnpá ń já wálẹ̀: ẹ dá a dúró, ẹ má yọ cannula, ẹ dí ẹnu àpò, ẹ dá a padà sí láàbù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fún culture. Àpò tí wọ́n ti jù sínú gáńbéèjì ò ṣeé yẹ̀ wò.

Dókítà_Ẹ̀jẹ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kíkà lẹ́yìn wákàtí kan kún un. Láìsí i, a ò ní mọ̀ bóyá àpò ló burú ni àbí aláìsàn ló ń jẹ platelet. Ìṣirò rẹ̀: iye tó fi gbéra, lọ́nà ìtóbi ara ní mítà alápá mẹ́rin, ẹ pín in pẹ̀lú iye tí ẹ fún un ní bílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún. Bí aláìsàn bá wà ní 8,000, tó di 35,000, tí ara rẹ̀ jẹ́ 1.7, tó gba àpò mẹ́rin oní bílíọ̀nù 60, ó jẹ́ 27,000 × 1.7 ÷ 2.4, bíi 19,100. Ó ju 7,500 lọ, ó dára. Bí ti wákàtí kan bá dára, ṣùgbọ́n tó ti bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ wo ibà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, ọlọ inú tó wú. Bí ti wákàtí kan bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ronú sí HLA (àmì ojú sẹ́ẹ̀lì tí ara aláìsàn lè máa gbógun tì), pàápàá ìyá tó ti lóyún lọ́pọ̀ ìgbà àti ẹni tó ti ń gba ẹ̀jẹ̀ tipẹ́. Ìwádìí TRAP ti 1997 fi hàn pé yíyọ sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò dín iye aláìsàn tí ara wọn ń ṣe antibody sí HLA kù láti 45% sí nǹkan bíi 17 sí 18%.

Aláìsàn tó jẹ́ D-negative (Rh-negative), tó sì ṣì lè bímọ, bí platelet D-positive bá wọ ara rẹ̀, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ anti-D láàárín wákàtí 72, kí ara rẹ̀ má baà ṣe antibody sí D. Àpò platelet ò ṣàìní sẹ́ẹ̀lì pupa díẹ̀.

Mọ̀ńfẹ́_Lab

Ọlọ́rẹ tó lo aspirin ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn máa ń ní àwọn ò lo oògùn kankan.

Baba_Centrifuge

Ẹ má béèrè aspirin lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti lo Alábùkún láàárín ọjọ́ méjì?" Acetylsalicylic acid àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó fi omi gbé e mì láàárọ̀ fún ẹ̀fọ́rí ò kà á sí oògùn. Aspirin ń pa ẹ́ńsáìmù COX-1 inú platelet títí ayé rẹ̀, kò sì ní núkílọ́ọ̀sì tó máa fi ṣe òmíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, platelet tuntun tó ti jáde á ti tó. Bí kò bá tíì pé, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ lo sẹ́ẹ̀lì pupa, ẹ má ya platelet. Fún apheresis, ẹ ní kó padà wá, torí òun nìkan ni aláìsàn máa gbára lé.

Láàbù_Yábàá

Ọ̀kan péré ló kù. Plasma àpò kan ń fi àwọ̀ ewé hàn. Swirling wà, pH 7.1.

Baba_Centrifuge

Ẹ mú àpò plasma àti ti sẹ́ẹ̀lì pupa ti ọlọ́rẹ kan náà jáde, kẹ́ ẹ gbé wọn sójú iná pọ̀. Bí plasma ọ̀hún náà bá láwọ̀ ewé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ọlọ́rẹ sì jẹ́ obìnrin tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, ceruloplasmin (purotéènì inú plasma tó ń gbé kọ́pà) ni, kò sí wàhálà. Bó bá jẹ́ platelet nìkan ló yí àwọ̀ padà, tí kò rí bẹ́ẹ̀ lánàá, ẹ mú un lọ fún Gram (àyẹ̀wò tó ń kun bakitéríà láwọ̀) àti culture, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa ọlọ́rẹ náà jáde títí èsì á fi dé.